Báàgì dọ́là 50, owó ibodè dọ́là 80: Ìṣirò tó dojú kọ àwọn ìsọ̀ kékeré orí ayélujára l'Abidjan

Ká ní obìnrin kan wà ní Treichville, nílùú Abidjan, tó ń fi aṣọ ankara rán báàgì, tó sì ń tà á lórí ayélujára fún àwọn oníbàárà tó wà l'Amẹ́ríkà. Dọ́là 50 ló ń ta ọ̀kan. Títí di ìparí oṣù Kẹjọ, ọdún 2025, ohun tó ní láti ṣírò kò ju owó aṣọ, owó ìránṣọ àti owó ìfiránṣẹ́ lọ, nítorí báàgì náà máa ń wọ Amẹ́ríkà láì san kọ́bọ̀ fún aṣọ́bodè.

Láti ọjọ́ 29, oṣù Kẹjọ ọ̀hún, fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, owó ibodè lórí báàgì kan ṣoṣo yẹn lè jẹ́ dọ́là 7 àti sẹ́ǹtì 50. Ó sì tún lè jẹ́ dọ́là 80. Báàgì kan náà ni, òǹrajà kan náà ni, ìlú kan náà ló ń lọ. Ohun tó fa ìyàtọ̀ ni ọ̀nà tí ẹni tó gbé ẹrù náà yàn láti fi ṣírò owó, ẹni tó rán báàgì kò sì ní ohùn nínú yíyàn náà.

Ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣòwò kékeré ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ti mọ̀ pé ìfẹrùránṣẹ́ sókè òkun wọ́n. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni pé owó tí wọ́n san ní káńtà ilé ìfìwéránṣẹ́ kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹjọ?

Láti ọdún 2016 ni òfin Amẹ́ríkà ti gba ẹrù tí iye rẹ̀ kò ju dọ́là 800 lọ láàyè láti wọlé láì san owó ibodè, bí kò bá ti ju ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹnì kan lóòjọ́. Ṣáájú ìgbà náà, dọ́là 200 ni òdiwọ̀n. Orúkọ Látìnì ni wọ́n ń pe ètò yìí, «de minimis», ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju pé nǹkan ọ̀hún kéré débi pé kò tó ohun tí ìjọba ń tìtorí rẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú.

Orí òdiwọ̀n yìí ni àwọn iléeṣẹ́ ńlá bíi Shein àti Temu gbé òwò wọn lé, tí wọ́n fi ń da ẹrù kéékèèké láti ilẹ̀ China sínú ilé àwọn ará Amẹ́ríkà. Nígbà tí Ààrẹ Donald Trump kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn náà ní ọjọ́ 2, oṣù Karùn-ún, ọdún 2025, ẹrù láti China àti Hong Kong nìkan ló kàn. Àmọ́ ní ọjọ́ 30, oṣù Keje, ó buwọ́ lu àṣẹ mìíràn tó mú un dé gbogbo àgbáyé. Erin ni wọ́n ń bá jà. Koríko Treichville ni wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Àwọn iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ kò rọ́nà múra. Láti ayébáyé, iṣẹ́ tiwọn ni láti gbé ẹrù dé ìlú tó ń lọ, kí àwọn aṣọ́bodè ibẹ̀ wá bá ẹni tó ni ẹrù sọ̀rọ̀ owó. Àṣẹ tuntun yìí yí i padà: wọ́n gbọ́dọ̀ ti gba owó náà lọ́wọ́ ẹni tó ń fi ẹrù ránṣẹ́ kí ọkọ̀ òfurufú tó gbéra, kí wọ́n sì san án fún Amẹ́ríkà nípasẹ̀ ẹni tí iléeṣẹ́ aṣọ́bodè ibẹ̀ fi òǹtẹ̀ lù. Àyè oṣù kan péré ni wọ́n ní láti fi ṣètò gbogbo èyí.

Kí ọjọ́ tó pé, Jámánì, Faransé, India, Japan àti Australia wà lára àwọn tó kéde pé àwọn dá gbígba ọ̀pọ̀ ẹrù tó ń lọ sí Amẹ́ríkà dúró fún ìgbà díẹ̀. Àjọ Ìfìwéránṣẹ́ Àgbáyé, UPU, ṣàlàyé nínú oṣù Kẹsàn-án pé iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ 88 ló fi tó òun létí pé àwọn ti dá iṣẹ́ náà dúró, yálà lápá kan tàbí pátápátá. Àjọ náà ní ẹrù tó wọ Amẹ́ríkà nípasẹ̀ àwọn iléeṣẹ́ wọ̀nyí ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹjọ, fi ìdá 81 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú.

Bí Jámánì àti Japan, tí wọ́n ní ẹ̀rọ, òṣìṣẹ́ àti agbẹjọ́rò, bá lè kó ọwọ́ ró bẹ́ẹ̀, kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé olùtajà kan ní Abidjan kò mọ ohun tí yóò sọ fún oníbàárà rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Dọ́là 80 tàbí ìdá 15?

Fún ẹrù tó bá gba ọwọ́ iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́, àṣẹ náà la ọ̀nà méjì sílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Ọ̀nà kan ni pé kí wọ́n gba ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lórí iye ọjà, ní ìbámu pẹ̀lú owó ibodè tí Amẹ́ríkà bù lé orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ṣe ọjà náà. Nígbà tí Trump kọ́kọ́ gbé ìwé àwọn orílẹ̀-èdè jáde ní oṣù Kẹrin, ìdá 21 ni ó kọ sí iwájú orúkọ Côte d'Ivoire. Ó sọ ọ́ di ìdá 15 láti ọjọ́ 7, oṣù Kẹjọ. Ìdá 15 náà ni Nàìjíríà wà nígbà náà.

Ọ̀nà kejì ni owó gbọọrọ lórí ẹrù kọ̀ọ̀kan, láì wo iye tó wà nínú rẹ̀. Bí owó ibodè orílẹ̀-èdè náà kò bá tó ìdá 16, dọ́là 80 ni. Bó bá wà láàárín ìdá 16 sí 25, dọ́là 160 ni. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, dọ́là 200.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí wé ọjà. Lórí báàgì dọ́là 50, ìdá 15 jẹ́ dọ́là 7 àti sẹ́ǹtì 50, nǹkan bí 4,200 CFA. Òǹrajà tó fẹ́ràn báàgì náà lè san án pẹ̀lú ìkùnsínú díẹ̀. Ṣùgbọ́n dọ́là 80 jẹ́ nǹkan bí 45,000 CFA lórí ọjà tí gbogbo iye rẹ̀ kò ju 28,000 CFA lọ. Kò sẹ́ni tí yóò ra báàgì bẹ́ẹ̀.

Ó kù díẹ̀ kí iye ọjà tó wà nínú páálí kan tó dọ́là 534 kí dọ́là 80 àti ìdá 15 tó dọ́gba. Ẹni tó ń ta ère igi olówó ńlá lè máà rí ìyàtọ̀. Ẹni tó ń ta yẹtí, fìlà, báàgì àti bàtà ló máa rí i. Bí ọjà bá ṣe rọjú tó ni owó gbọọrọ ṣe ń wúwo lé e lórí tó, èyí sì ni ibi tí àṣẹ náà ti ṣojúsàájú jù lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye kan náà ni wọ́n kọ síwájú gbogbo ènìyàn.

Ta ló ń yan ọ̀nà láàárín oṣù mẹ́fà náà? Ẹni tó gbé ẹrù dé ni. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì gbọ́dọ̀ lò fún gbogbo ẹrù tó bá gbé láàárín àkókò kan. Kò lè pààrọ̀ rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóṣù. Nítorí náà ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kí olùtajà béèrè ní káńtà nígbà náà kì í ṣe «èló ni kílò kan?» bí kò ṣe «báwo lẹ ṣe ń ṣírò owó ibodè Amẹ́ríkà lóṣù yìí?»

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tó fara pamọ́. Ibi tí wọ́n ti ṣe ọjà ni àṣẹ náà ń wò, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti fi í ránṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ankara tó wà lọ́jà Adjamé àti Treichville ló wá láti China. Aṣọ Uniwax, tí iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Yopougon, yàtọ̀ sí ìyẹn. Ẹni tó kàn gé ọ̀pá aṣọ China mẹ́fà, tó ká a sínú àpò ìwé, tó sì kọ «Côte d'Ivoire» sí i, ti kọ ohun tí kì í ṣe òótọ́ sílẹ̀, kódà bí kò bá mọ̀. Tó bá di ti aṣọ tí wọ́n ti rán di nǹkan mìíràn, òfin ibi tí ọjà ti wá ní ìpín púpọ̀, ó sì sàn kí ènìyàn béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Abidjan àti ìpàdé ọdún 2021

Àwòrín-ìn kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn ará Abidjan. Ìlú wọn ni àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé ti pàdé láti ọjọ́ 9 sí 27, oṣù Kẹjọ, ọdún 2021, láti jíròrò bí lẹ́tà àti ẹrù yóò ṣe máa rìn láàárín ayé. Ìpàdé gbogbogbò UPU kẹtàdínlọ́gbọ̀n ni. Ọdún 2020 ló yẹ kó wáyé, àrùn Kòrónà ló sún un síwájú. Lẹ́yìn ti Cairo lọ́dún 1934, òun ni ìgbà àkọ́kọ́ tí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ tún wá sí ilẹ̀ Áfíríkà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dìbò yan Masahiko Metoki, ọmọ ilẹ̀ Japan, gẹ́gẹ́ bí olùdarí àgbà.

Láti lóye ìdí tí owó ìfiránṣẹ́ fi rí bó ṣe rí, ó yẹ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Nígbà tí orílẹ̀-èdè 22 fọwọ́ sí àdéhùn ní ìlú Bern, ní Switzerland, ní ọjọ́ 9, oṣù Kẹwàá, ọdún 1874, wọ́n gbà pé gbogbo ayé yóò jẹ́ ilẹ̀ kan ṣoṣo ní ti lẹ́tà. Orílẹ̀-èdè tó ta sítáǹpù ló ń kó owó rẹ̀ sápò. Orílẹ̀-èdè tó gba lẹ́tà yóò pín in láìgbowó. Èrò wọn ni pé ẹni tó bá gba lẹ́tà yóò kọ èsì, gbèsè á sì pa gbèsè rẹ́.

Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè kan ń fi ránṣẹ́ ju ohun tí wọ́n ń gbà lọ. Ní ìpàdé Tokyo, lọ́dún 1969, wọ́n fẹnu kò pé kí ẹni tó ń fi ránṣẹ́ máa san nǹkan fún ẹni tó ń bá a pín in. Láti ìgbà náà, nínú gbogbo owó tí ènìyàn san ní káńtà l'Abidjan, apá kan jẹ́ ti òṣìṣẹ́ àti ọkọ̀ ní Côte d'Ivoire, apá kan jẹ́ ti ọkọ̀ òfurufú, apá kẹta sì ń lọ sọ́dọ̀ iléeṣẹ́ tí yóò gbé ẹrù náà kan ilẹ̀kùn ní Houston tàbí Marseille.

Apá kẹta yìí ló di ìjà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018, Amẹ́ríkà kéde pé òun yóò kúrò nínú UPU, nítorí pé owó tí China ń san fún pípín ẹrù kéékèèké kéré ju ohun tí oníṣòwò Amẹ́ríkà ń san láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì lọ. Wọ́n pe ìpàdé pàjáwìrì sí Geneva ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019. Ibi tí wọ́n parí rẹ̀ sí ni pé orílẹ̀-èdè tó bá ń gba ohun tó ju 75,000 tọ́ọ̀nù lọ lọ́dún lè fúnra rẹ̀ dá owó lé pípín ẹrù kéékèèké láti oṣù Keje ọdún 2020, kí àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀.

Ìjà yìí pẹ̀lú, China àti Amẹ́ríkà ló ń jà á. Ṣùgbọ́n òfin kò dárúkọ China. Nígbà tí àwọn aṣojú fi máa pàdé ní Dubai ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 fún ìpàdé tó tẹ̀ lé ti Abidjan, ohun tó gba ẹnu wọn kan kì í tún ṣe owó pípín ẹrù bí kò ṣe owó ibodè. UPU gbé ètò kan jáde tí iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ lè so mọ́ ẹ̀rọ káńtà rẹ̀, kó lè ṣírò owó ibodè kó sì gbà á lójú ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń fi ẹrù ránṣẹ́. Fún ìsọ̀ kékeré, ìyẹn ni ìròyìn tó dára jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, nítorí owó tí ènìyàn mọ̀ ṣáájú sàn ju èyí tó bá oníbàárà lẹ́nu ọ̀nà lọ.

Páálí, òṣùwọ̀n àti afẹ́fẹ́

Ká fi owó ibodè sílẹ̀ ná. Ọ̀pọ̀ ìsọ̀ orí ayélujára ló ti pàdánù owó kí ẹrù tó kúrò l'Abidjan, ibi tí wọ́n sì ti ń pàdánù rẹ̀ jù ni páálí.

Ọ̀nà méjì ni ẹrù ń gbà wúwo. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ń wo ohun tí òṣùwọ̀n sọ. Bí ẹrù kò bá ju kílò méjì lọ, tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ lápapọ̀ kò sì ju sẹ̀ǹtímítà 90 lọ, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó gùn jù kò ju 60 lọ, ó lè gba ọ̀nà ẹrù kékeré, tó rọjú jù. Bó bá ju kílò méjì lọ, ó ti bọ́ sí ọ̀wọ́ mìíràn, owó rẹ̀ á sì fò sókè. Gíráàmù 50 tí téèpù àti bébà kún un lè jẹ́ ohun tó mú ẹrù fo ààlà yìí.

Àwọn iléeṣẹ́ aládàáni tó ń yára gbé ẹrù ní tiwọn ń wo àyè tí páálí gbà nínú ọkọ̀ òfurufú. Wọ́n á sọ gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ di ìlọ́po ara wọn ní sẹ̀ǹtímítà, wọ́n á pín in sí 5,000, èsì rẹ̀ ni wọ́n á pè ní kílò. Wọ́n á wá gba owó lórí èyí tó bá pọ̀ jù nínú kílò yìí àti ti òṣùwọ̀n.

Báàgì aṣọ tó wọn kílò 1.2, nínú páálí 40 sí 30 sí 20, jẹ́ kílò 4.8 lójú wọn. Afẹ́fẹ́ ni kílò 3.6 nínú rẹ̀, owó gidi sì ni wọ́n á fi san án. Bí ẹni tó rán an bá ṣe é kó ṣeé ká pẹlẹbẹ, tó fi wọ inú páálí tí gíga rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, kílò 1.2 náà ni yóò jẹ́ ní ọ̀nà méjèèjì. Ìyípadà nínú bí wọ́n ṣe rán báàgì lè dín owó ìfiránṣẹ́ kù ju ẹ̀bẹ̀ èyíkéyìí tí ènìyàn lè bẹ̀ ní káńtà lọ.

Ìwé aṣọ́bodè náà kì í ṣe ohun à ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú mọ́. Láti oṣù Kìíní ọdún 2021, ìlànà UPU ni pé kí ohun tó wà nínú ẹrù, iye rẹ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀ ti dé orí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ìlú tó ń lọ kí ẹrù fúnra rẹ̀ tó dé. Ẹni tó kọ «ẹrù» tàbí «aṣọ» lásán ń pe wàhálà. «Báàgì obìnrin, òwú, ọ̀kan, gíráàmù 600, dọ́là 50» ni wọ́n fẹ́ rí, pẹ̀lú nọ́ńbà mẹ́fà tí gbogbo ayé fi ń mọ irú ọjà. Oúnjẹ tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ajọ UNESCO ti fi ọgbọ́n ṣíṣe attiéké sínú ìwé àjogúnbá àgbáyé ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní kí àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ l'Amẹ́ríkà máà béèrè ìfitónilétí ṣáájú kí àpò attiéké títà tó wọlé.

Àwọn kan ti ń dá ọgbọ́n kan. Nítorí pé ẹ̀bùn tí kò ju dọ́là 100 lọ ṣì ń wọ Amẹ́ríkà láì san owó ibodè, wọ́n á kọ «ẹ̀bùn» sára ọjà títà. Irọ́ ni lójú òfin, wọ́n lè gba ẹrù náà, ẹni tí wọ́n á sì kọ́kọ́ bi léèrè ni oníbàárà tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Yúrò dúró sójú kan, dọ́là kò dúró

Owó CFA so mọ́ yúrò: yúrò kan jẹ́ 655.957 CFA, bẹ́ẹ̀ ló sì ti wà láti ìgbà tí yúrò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1999. Ẹni tó ń ta ọjà fún àwọn ará Paris mọ ohun tí yóò wọlé fún un. Ẹni tó ń fi dọ́là ta ọjà kò mọ̀ ọ́n. Dọ́là 50 lé ní 31,000 CFA ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025; nígbà tó fi máa di oṣù Kẹsàn-án, ó ti di nǹkan bí 28,000. Ohun tó ju 3,000 CFA lọ ti lọ lórí báàgì kan kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ owó ibodè, bẹ́ẹ̀ CFA ni aránṣọ àti oníláìsì ń gbà. Fún ìsọ̀ tí èrè rẹ̀ lórí báàgì kan kò ju 5,000 lọ, ojú owó ló ti ń jẹ.

Ṣé kí wọ́n wá kọjú sí Yúróòpù nìkan? Ó rọrùn ní ti owó, ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ti yípadà. Títí di ìdajì ọdún 2021, ẹrù tí kò ju yúrò 22 lọ kì í san owó orí ọjà, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní TVA. Láti ọjọ́ 1, oṣù Keje, ọdún náà, gbogbo ọjà títà ló ń san án, ìdá 20 ní ilẹ̀ Faransé. Ètò kan wà tí olùtajà fi lè gba owó yìí lórí ìkànnì rẹ̀ fún ẹrù tí kò ju yúrò 150 lọ, kí oníbàárà má baà san nǹkan kan lẹ́nu ọ̀nà. Àmọ́ olùtajà tó wà ní Côte d'Ivoire gbọ́dọ̀ gba aṣojú kan ní Yúróòpù kó tó lè wọ ètò náà, aṣojú sì ń gba owó. Ẹni tí kò bá wọ̀ ọ́, oníbàárà rẹ̀ ni yóò san TVA, yóò sì san owó iṣẹ́ fún ẹni tó bá a san án ní ibodè.

Yúrò 150 náà ni òdiwọ̀n tí ẹrù kì í ti í san owó ibodè ní Yúróòpù lọ́dún 2025. Ní ọjọ́ 13, oṣù Kọkànlá, ọdún 2025, àwọn mínísítà ètò ìnáwó ibẹ̀ fẹnu kò láti mú un kúrò. Ní Britain, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá wà, òfin ti ń béèrè láti ọdún 2021 pé kí olùtajà òkèèrè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, kó sì máa bá wọn gba owó orí ọjà lórí ẹrù tí kò ju pọ́n-ùn 135 lọ. Ilẹ̀kùn tí Amẹ́ríkà tì gbàgà, àwọn yòókù rọra ń pa á dé.

Ọ̀nà Èjìgbò

Àwọn Yorùbá tó wà l'Abidjan, tí ọ̀pọ̀ àwọn onílẹ̀ ń pè ní Ànàgó, kò dúró de ilé ìfìwéránṣẹ́ rí. Púpọ̀ nínú wọn ló wá láti Èjìgbò, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ó sì ti lé ní ìran mẹ́ta tí wọ́n ti ń lọ tí wọ́n ń bọ̀. Bọ́ọ̀sì ń gbéra láti Èjìgbò lọ sí Abidjan, awakọ̀ sì mọ ilé ẹni tó ni ẹrù ju bí ìwé àdírẹ́sì èyíkéyìí ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ẹni tó ń ta ọjà láti Treichville fún oníbàárà ní Òṣogbo lè rí i pé gáráàjì yá ju káńtà lọ.

Lórí ìwé, ọ̀nà yìí ló yẹ kó rọjú jù. Láti ọdún 1979 ni ètò òwò àjọ ECOWAS ti sọ pé kí iṣẹ́ ọwọ́ àti ohun ọ̀gbìn tí wọn kò tíì lọ̀ máa kọjá láàárín àwọn orílẹ̀-èdè ọmọ ẹgbẹ́ láì san owó ibodè. Báàgì tí ènìyàn fi ọwọ́ rán, aṣọ tí wọ́n hun ní Korhogo, iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ṣùgbọ́n ibodè mẹ́rin ló wà láàárín Abidjan àti Èkó: Noé, Aflao, Hillacondji àti Sèmè. Ní ìkọ̀ọ̀kan wọn, àti ní àwọn ibi ìdádúró tó wà láàárín wọn, ohun tí òfin sọ àti ohun tí awakọ̀ ń san kì í fìgbà gbogbo bára mu. Awakọ̀ ti fi gbogbo rẹ̀ kún iye tó ń dá lé ẹrù. Kò sí ìwé ẹ̀rí, kò sí nọ́ńbà tí ènìyàn lè fi tọpa ẹrù lórí fóònù, bí ẹrù bá sì sọnù, ẹ̀bẹ̀ ló kù.

Nọ́ńbà ilé ìfìwéránṣẹ́ ní tirẹ̀ rọrùn láti mọ̀: lẹ́tà méjì, òǹkà mẹ́sàn-án, lẹ́yìn náà CI fún Côte d'Ivoire tàbí NG fún Nàìjíríà. Òǹrajà tí kò mọ olùtajà rí nílò rẹ̀. Ẹni tó mọ ìyá awakọ̀ kò nílò rẹ̀. Nítorí náà ni òwò gáráàjì fi ń gbilẹ̀ láàárín àwọn tó mọ ara wọn, tí kì í sì í ràn kọjá ibẹ̀.

Ohun tó wà níwájú

Fún ẹni tó fẹ́ máa bá àwọn ará Amẹ́ríkà ṣòwò nìṣó lọ́dún 2025, ọ̀nà tó wà nílẹ̀ kò pọ̀. Ó lè kó ogún báàgì jọ sínú páálí kan lọ sọ́dọ̀ ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé ní New York, kí ìyẹn máa pín in níbẹ̀. Bí ogún náà bá jẹ́ dọ́là 1,000, wọn kò ní ṣírò rẹ̀ bí ẹrù kékeré mọ́. Yóò san owó ibodè bí oníṣòwò ńlá, yóò sì ti kówó lé ọjà tí ẹnikẹ́ni kò tíì rà. Ó lè gba ọwọ́ iléeṣẹ́ aládàáni, níbi tí owó gbọọrọ dọ́là 80 kò sí, àmọ́ tí owó ibodè àtilẹ̀wá lórí irú ọjà náà tún lè kún ìdá 15, tí iléeṣẹ́ náà á sì gba owó iṣẹ́ tirẹ̀.

Tàbí kó dúró. Oṣù mẹ́fà ni àṣẹ náà fún owó gbọọrọ. Gẹ́gẹ́ bí àṣẹ náà ṣe là á sílẹ̀, ọjọ́ 28, oṣù Kejì, ọdún 2026 ni òpin dọ́là 80, 160 àti 200, ìdá lórí iye ọjà nìkan ló sì kù lẹ́yìn rẹ̀ fún ẹrù tó bá gba ilé ìfìwéránṣẹ́. Fún báàgì dọ́là 50 láti Treichville, tí ìdá 15 kò bá yí padà, dọ́là 7 àti sẹ́ǹtì 50 ni. Iye tí obìnrin náà lè kọ sórí ìkànnì rẹ̀, kí òǹrajà rí i kó tó tẹ bọ́tìnnì, ni.